Ìgbálẹ̀ Kì í Ṣe Pàṣán

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè kéré lójú ẹni tí kò tún wọ inú kíláàsì mọ́ láti ìgbà tó ti jáde ìwé mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ni, ọ̀rọ̀ ibi tí à ń kó ìwé sí ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí sọ ọmọ tó ní làákàyè di ẹni tí wọ́n ń pè ní olódo. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe, láti 1992 títí di 2021 tí mo fẹ̀yìn tì. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ni mo ti ṣe é, ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà, àti ní apá Okokomaiko. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé kankan, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ibì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí yóò mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

Kíláàsì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gbọọrọ tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ láàrin 1979 sí 1983. Kí wọ́n tó kọ́ wọn, ìpín-ìpín ni àwọn ọmọ Èkó ń lọ sílé-ìwé, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Jakande ní gbogbo ọmọ ni yóò máa lọ láàárọ̀, ó sì sáré kọ́ kíláàsì kalẹ̀. Àwọn alátakò rẹ̀ pe àwọn ilé náà ní ilé adìẹ. Èmi kò ní bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, nítorí inú wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti mọ̀wé, kí Ọlọ́run bá wa kẹ́ bàbá náà tó kú ní 2021. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: ẹni tó ń sáré kọ́ ilé fún ọmọ tí kò níbi jókòó kò ráyè ro ibi tí ọmọ náà yóò kó ìwé rẹ̀ sí. Kò sí pẹpẹ, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù. Àga tíṣà kan, tábìlì kan, pátákó ìkọ̀wé kan, bẹ́ǹṣì, ó parí.

Ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n tẹ̀ ní 2004 ní ọmọ 35 ni kí tíṣà kan máa kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, nígbà tí wọ́n ní kí n gba Pírámárì Kẹrin ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì lọ́wọ́ tíṣà tí wọ́n gbé lọ sí ibòmíràn, ọmọ 74 ni mo kà lórí ìjókòó. Ọmọ 74, ẹsẹ̀ 148. Gbogbo ẹni tó bá sì mọ títì Àgbádárìgì ló mọ irú ilẹ̀ tí à ń gbé. Iyanrìn ni. Bí òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje bá dé, omi á dúró sí pápá, àwọn ọmọ á máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrọ̀fọ̀ wọlé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iyanrìn kan náà á gbẹ, á di eruku, á bá ojú fèrèsé wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ títì náà di ọlọ́nà mẹ́wàá ní 2009, a rí eruku tó ju eruku lọ. Ní irú ibi báyìí, a kò lè ní kí á má gbálẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ta ni yóò gbá a, ìgbà wo ni yóò gbá a, kí sì ni yóò máa rò nígbà tó bá ń gbá a?

Òfin tí mo bá nílé-ìwé náà, tí ẹ óò bá ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé títí di òní, ni pé ẹni tó bá pẹ́ dé ni yóò gbálẹ̀. Agogo asẹ́ńbílì á lù, àwọn tó pẹ́ á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fún wọn ní ọwọ̀. Bí àwọn yòókù bá ti wọ kíláàsì, àwọn wọ̀nyí á máa gbá kọ́rídọ̀, wọ́n á gbá ojúde, wọ́n á ru ìdọ̀tí lọ sí ààtàn lẹ́yìn ilé-ìwé. Òfin yìí dára lójú. Ó jọ pé a fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì: ilé-ìwé á mọ́, apẹ́lẹ́yìn á kọ́gbọ́n.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn 74 yẹn. Ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà ní Ìyànà Ìbà. Láti ìdájí ni ọmọ náà ti máa ń gbé ẹ̀wà lọ sí ibi ẹ̀rọ, á dúró kí wọ́n lọ̀ ọ́, á gbé e padà, á bá ìyá rẹ̀ dáná, á tún bá a ta àkàrà fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ LASU tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ wọn. Kó tó fọ ojú, kó wọ aṣọ ilé-ìwé, kó sáré dé, agogo ti lù. Lójoojúmọ́. Mo yẹ ìwé máàkì tí tíṣà àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ wò. Nínú Yorùbá, ọmọ náà gba 15 nínú 20. Nínú ìṣirò, ó gba 2.

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé mo ti ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọmọ tí ènìyàn mẹ́rin ń na owó sí lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń ṣẹ́ owó fún oníkálùkù láì ṣe àṣìṣe, báwo ni yóò ṣe gba 2 nínú ìṣirò? Mo pè é lákòókò ìsinmi.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kì í ṣe ìṣirò dáadáa?"

Ó ní, "Àǹtí, ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe é, mi ò kí ń sí níbẹ̀."

"Níbo lo máa ń wà?"

"Mo máa ń gbálẹ̀ ni, mà."

Ẹ gbọ́ o. Ìṣirò ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni orí ọmọ ṣì tutù. Gbogbo sáà kìíní, ìgbà tí tíṣà ń kọ́ wọn ní ìdá àti ìsọdìpúpọ̀, ọmọ yìí wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ní kí ó má kàwé. Ìmọ́tótó ilé-ìwé ló gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wo àwọn mìíràn tó máa ń pẹ́, mo rí i pé ìrú kan náà ni gbogbo wọn: ọmọbìnrin tó ń pọn omi fún àwọn ará ilé kó tó jáde, ọmọ tó ń kiri, ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀nà jíjìn nítorí kò sówó ọkọ̀. Àwọn ọmọ ẹni tó rí jẹ kì í sábà pẹ́. Nítorí náà, àwọn tálákà ló ń gbálẹ̀ fún àwọn tó rọrùn fún, a sì ń pe èyí ní ẹ̀kọ́ ìwà.

Ohun kejì tí mo rí ni pé kíláàsì náà kò tilẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbá a tán ní aago mẹ́jọ, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ọ̀rá omi, ìwé tó ya, èèpo ẹ̀pà àti èérún ṣọ́ọ̀kì á ti kún ilẹ̀. Ta ni yóò ṣà á? Olúkúlùkù mọ̀ pé àwọn apẹ́lẹ́yìn ń bọ̀ lọ́la. Ọmọ tí a bá ti fi hàn pé ìgbálẹ̀ ni ìyà, kò ní fọwọ́ kàn án nígbà tí kò bá dẹ́ṣẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá wa nínú ọ́fíìsì. Àgbà obìnrin ni, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Gbìyànjú ẹ̀ nínú kíláàsì tìẹ ná. Bó bá dàrú, ìwọ lo ni ín o." Mo ní mo gbà, mà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ara dé ògiri, débi pé ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ kò lè jáde àfi kó gun orí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní kí á kó gbogbo rẹ̀ síta ní ọjọ́ Ẹtì kan. A gbá ilẹ̀ náà, a wọ́n omi sí i, a tún gbá a. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wọ́n omi kí ẹ tó gbálẹ̀ oníyanrìn. Ẹni tó bá gbá a ní gbígbẹ kàn ń gbé eruku láti ilẹ̀ sí inú ihò imú ọmọ ni.) A wá tò wọ́n padà ní ìlà mẹ́fà, pẹ̀lú ọ̀nà ẹsẹ̀ méjì láàrin àti ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo sọ fún wọn pé bí a ṣe ń to ara wa lórí ìlà ní mọ́sálásí ni, kí èjìká má yọ síwájú, kó má sì fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà yára lóye, nítorí pé wọ́n máa ń rí wa ní Yídì. Àwọn kúkurú bọ́ síwájú, àwọn gíga lọ sẹ́yìn, ọmọ méjì tí ojú wọn kò ríran jìnnà sì jókòó síbi tí wọ́n á ti rí pátákó.

Lẹ́yìn náà, mo gbé ìgbálẹ̀ kúrò ní àárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo ìparí tó lù la wá ń gbálẹ̀, nígbà tí gbogbo ọmọ wà níbẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò pàdánù. Ìlà kan ló ni ọjọ́ kan. Ìlà kìíní ní Ọjọ́ Ajé, ìlà kejì ní ọjọ́ kejì, títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ìlà kẹfà tó ṣẹ́kù kì í gbálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀kì, dọ́sítà, ìwé àti omi mímu. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí, iṣẹ́ náà á yí. Ẹni tó bá pẹ́ láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò jókòó sí kó má baà da àwọn yòókù láàmú, ní àkókò ìsinmi ni yóò sì kọ ohun tó pàdánù. Ìyà náà ni, ṣùgbọ́n ìyà tó ń dá a padà sínú ìwé ni.

Àwọn ọmọkùnrin kọ́kọ́ ṣàtakò. Wọ́n ní àwọn á gbé bẹ́ǹṣì, àwọn á ru omi, kí àwọn obìnrin máa gbálẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ń gbá mọ́sálásí àdúgbò wọn. Wọ́n ní Bàbá Ládánì ni. Mo ní, "Ṣé obìnrin ni Bàbá Ládánì?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ti àwọn òbí kò tètè parí bẹ́ẹ̀. Bàbá kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ní ọjà Àlàbá wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ rẹ̀ ti délé sọ pé Àǹtí fún òun ní ọwọ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, ṣé ẹ gba ọmọ mi síwèé ni àbí ẹ gbà á ṣọmọ ọ̀dọ̀? Ọmọ yẹn ò pẹ́ dé o, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà."

Mo ní, "Alhaji, ẹ kúkú jókòó ná."

Ó ní, "Ìjókòó kọ́ ló gbé mi wá."

Mo ní, "Kò burú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbá ṣọ́ọ̀bù yín láàárọ̀?"

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni."

"Nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ́ṣẹ́ ńkọ́, sà?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó. A sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó bi mí pé ibo ni mo ń kó ìwé àwọn ọmọ sí, mo fi orí tábìlì mi hàn án, níbi tí wọ́n ti ga bí òkìtì ọ̀gán. Kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ru páálí tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà wá.

Àwọn páálí yẹn ṣe ohun tí mi ò rò. A to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a dojú wọn kọ iwájú, a kọ nọ́ńbà ìlà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fi búlọ́ọ̀kù méjì-méjì gbé wọn sókè, nítorí omi òjò àti nítorí ikán. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìlà ló ń kó ìwé ìlà rẹ̀, òun náà ló ń dá a padà. Tẹ́lẹ̀, kí a tó pín ìwé 74 tán, kí á tó wá ìwé ẹni tí tirẹ̀ sọnù, ìdajì ẹ̀kọ́ ti lọ. Nígbà tí páálí dé, ẹ ò ní ka ọgọ́rùn-ún méjì tán tí gbogbo ọmọ á ti ní ìwé lọ́wọ́. Agolo mílíìkì la fi ṣe ilé ṣọ́ọ̀kì. A gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó, a rán aṣọ bò ó, ó di dọ́sítà. Rẹ́jísítà àti ìwé máàkì, inú ọ̀rá ni mo ń fi wọ́n sí kí n tó gbé wọn sínú páálí, nítorí mo ti rí ibi tí òjò ti ba máàkì ọdún kan gbáko jẹ́ ní ilé-ìwé kan, tí tíṣà wá ń fi ojú inú fún ọmọ ní máàkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè sọ pé ìjọba ló yẹ kó pèsè kọ́bọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni, ẹ má sì dákẹ́ kí ẹ má bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní Pírámárì Kẹrin lọ́dún yìí kò ní padà wá ṣe é nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù bá dé.

Mo gbọ́ nígbà tó yá pé ní ilẹ̀ Japan, àwọn ọmọ ilé-ìwé fúnra wọn ló ń gbá kíláàsì wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń nu ilẹ̀, tí àwọn olùkọ́ sì ń bá wọn ṣe é. Wọ́n kà á kún ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ka ìṣirò sí ẹ̀kọ́. Níhìn-ín, ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa ìmọ́tótó gbogbo ìlú ni ti ẹ̀rù. Nígbà ogun sí ìwà àìtọ́ tí ìjọba Buhari àti Idiagbon gbé dìde ní 1984, sójà ló ń mú wa tún àyíká ṣe. Ní Èkó, títí wọ́n fi dá a dúró ní 2016, a kì í jáde sí títì ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kó tó di aago mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń sùn, kì í ṣe pé wọ́n ń gbálẹ̀. Wolé-wolé ayé àtijọ́ náà, ẹ̀rù rẹ̀ la ń bà.

Ọmọ alákàrà yẹn ṣì ń pẹ́ dé. Ìyá rẹ̀ kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ó ń bá wa kọ ìyókù ìṣirò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi láti inú ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní òpin sáà kejì ó gba 9, ní òpin sáà kẹta ó gba 13. Kò gba ipò kìíní. Ó kàn wọ Pírámárì Karùn-ún pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, èyí tí kì bá má ṣeé ṣe. Tíṣà tó gbà wọ́n lẹ́yìn mi dá òfin apẹ́lẹ́yìn padà. N kò lè bú u. Ọmọ tirẹ̀ ju 80 lọ, kò sì sí ẹni tó fún un ní páálí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ti àwa Mùsùlùmí ni. Ẹ mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ àṣàlátù wa máa ń gba kíláàsì ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, a óò bá bẹ́ǹṣì káàkiri, ewé mọ́ínmọ́ín lábẹ́ tábìlì, ọ̀rá omi nínú páálí ìwé, ohun tí wọ́n kọ sára pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí àwọn ọmọ ń fi ìṣọ́ra lò. Ó dùn mí, nítorí pé àwọn bàbá wa tó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, nítorí kí ọmọ Mùsùlùmí lè ríbi kàwé ni. Ọ̀rọ̀ náà nira láti sọ, nítorí àwọn àgbà wà nínú ẹgbẹ́ náà tí mo ń kúnlẹ̀ kí.

Mo bá Ìyá Àdínì wọn sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn àṣàlátù. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ yín náà ló ń bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì." Wọn ò bá mi jà. Wọ́n yan ọ̀dọ́ méjì pé kí wọ́n máa tò ó padà. Èmi náà ya àwòrán ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n lè máa wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a dé bá ilẹ̀ ní gbígbá fínnífínní. Kò sí ewé, kò sí ọ̀rá, bẹ́ǹṣì wà lórí ìlà mẹ́fà, ó tọ́ bí okùn, ọ̀nà ẹsẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n kàn kọjú gbogbo rẹ̀ sí ìlà-oòrùn ni, wọ́n kẹ̀yìn sí pátákó. Ìlà kìíní ló ni iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń yí wọn padà, a sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn agogo.